Ẹni Tí Kì Í Ka Ọmọ

Nínú ìwé ètò ìsìnkú tí a tẹ̀ fún Màmá, ìyá bàbá mi, wọ́n kọ ọ́ pé ó fi ọmọ kan àti ọmọ-ọmọ méjì sílẹ̀. Nígbà tí mo rí i nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Forest Lawn, àdúgbò kan ní Calgary ní Canada, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Bí ó bá jẹ́ pé òkú máa ń jí, gbólóhùn yẹn ni ì bá jí i. Ì bá jókòó nínú pósí, ì bá tún gèlè rẹ̀ wé, ì bá sì bi ẹni tó kọ ọ́ pé, "Ta ló rán ọ níṣẹ́ ìkànìyàn?"

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kò sí Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá bi wá ní báńkì tàbí ní ọsibítù, kíá la ó dáhùn. Màmá kì í dáhùn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé Calgary, òṣìṣẹ́ kan ní pápákọ̀ òfurufú bi í pé ọmọ mélòó ló ní. Ó ní, "They are there, sir. We thank God." Ọkùnrin náà tún un bi. Màmá tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún wa nínú mọ́tò, ó ní, "Ọmọ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ funfun."

Bí ó bá ń bu oúnjẹ nílé, kò ní sọ iye àwo tí n ó gbé wá. Orúkọ ni yóò máa pè bó ti ń bù ú: ti Rẹ̀mí rèé, ti ìyàwó rẹ̀ rèé, ti Fẹ́mi, ti Àbẹ̀kẹ́. Fẹ́mi ni àbúrò mi. Èmi ni Àbẹ̀kẹ́, òun nìkan ló sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Rẹ̀mí ni bàbá mi. Rẹ̀mílẹ́kún ni orúkọ náà ní kíkún, ọmọ kan ṣoṣo tí a mọ̀ mọ́ Màmá lọ́wọ́. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, Remy ni àwọn òyìnbó ń pè é. N kò bi ẹnikẹ́ni rí pé ẹkún wo ni wọ́n bí i kó wá rẹ̀.

Kì í ṣe pé Màmá kò mọ ìṣirò o. Tíṣà ni. Òun ló dá ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó bí mi, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ìlú náà ló sì ti ọwọ́ rẹ̀ mọ ení, èjì. Kóró àgbálùmọ̀ ló fi ń kọ́ wọn, àti ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ó fọ̀ mọ́. Ó máa ń sọ pé, "Ohun tí Ọlọ́run dá fún kíkà pọ̀ láyé. Ènìyàn ò sí lára wọn."

Ilé-ìwé yẹn ló gbé e wá sí Calgary. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Canada, Forest Lawn là ń gbé, daycare, ilé ìtọ́jú ọmọdé, ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Marlene ni Fẹ́mi sì ń lọ. Ìyàrá ńlá méjì ni, pẹ̀lú ọgbà kékeré lẹ́yìn ilé. Bàbá mi sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún Marlene títí ó fi di pé àwọn obìnrin méjèèjì ń rí ara wọn lórí fóònù. Láàrin ara wọn ni wọ́n ti ṣe àdéhùn: Màmá yóò wá bá wọn ṣiṣẹ́ ní Calgary láti ìgbà òtútù títí di ìgbà ooru, lẹ́yìn náà, Marlene àti tíṣà rẹ̀ kan yóò lọ sí Abẹ́òkúta láti bá àwọn tíṣà Màmá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí oníkálukú kọ́ ọgbọ́n ẹnìkejì rẹ̀. Marlene rò pé ìrìn-àjò ìmọ̀ ni. Fún Màmá, ó ju ìyẹn lọ. Ilé-ìwé tuntun kan ti ṣí lókè àdúgbò rẹ̀, tó ní bọ́ọ̀sì, tó ya àwòrán ẹranko sí ara ògiri, àwọn òbí sì ti ń kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá gbà pé bí tíṣà òyìnbó bá lè fẹsẹ̀ tẹ ilé-ìwé òun, wọn yóò padà wá. Ìdí nìyí tí kò fi rán ọ̀dọ́ tíṣà kankan wá dípò ara rẹ̀. "Iná tó ń jó mi lẹ́sẹ̀," ó ní, "èmi ni n ó pa á."

Àkókò tí Màmá dé kò dára. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ tó ga fíofío ní downtown sì ń dá ènìyàn dúró bí ẹni ń gbọn aṣọ. Iṣẹ́ epo ló gbé wa kúrò ní Forest Lawn lọ sí McKenzie Towne, àdúgbò àwọn tó rí já jẹ. Òun náà ló gbé wa kúrò níbẹ̀ wá sínú basement, ìyàrá abẹ́ ilé, tí a háyà ní Marlborough. Bàbá mi kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò níṣẹ́ mọ́. Láràárọ̀ ni yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, tí yóò wọ train, tí yóò lọ jókòó sí láíbìrì títí di ìrọ̀lẹ́. Màmá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí bàbá mi jẹun tán, ó ní, "Rẹ̀mí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í dúpẹ́ oúnjẹ tó báyìí." Bàbá mi bo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti jáwọ́ nínú ṣẹ́ẹ̀tì.

Inú Màmá dùn ní daycare náà, n ò ní í purọ́. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí i tó ń rẹ́rìn-ín láti inú wá ní ìlú yìí. Kíláàsì mi máa ń parí ní ọ̀sán, èmi ni mo sì ń lọ mú un, nítorí pé bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ máa ń dàrú mọ́ ọn lójú. Wọ́n kọ́ ọ pé kó máa lóṣòó kí ojú rẹ̀ lè bá ojú ọmọdé dọ́gba bó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ọgbọ́n gidi ni, orúnkún òun nìkan ni kò fọwọ́ sí i. Òun náà kọ́ wọn pé kí ọmọ tó dàgbà díẹ̀ máa di ọwọ́ ọmọ kékeré kan mú, kó máa wọ bàtà fún un, kó máa bá a pín èso. Láìpẹ́, àwọn ọmọ Filipino, ọmọ Somali àti ọmọ òyìnbó ń pariwo "ẹ̀gbọ́n mi dà?" káàkiri ibẹ̀. Marlene ní láti ìgbà tí òun ti ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, òun kò rí ohun tó dín ẹkún kù tó bẹ́ẹ̀.

Ìjà wọn kò pọ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ lórí àga kan ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń ní kí ọmọ tó bá ń jà lọ jókòó sí, kó ronú. Màmá ní, "Ọmọ tó ń sunkún lẹ tún wá lé kúrò láàrin ènìyàn?" Bí wọ́n bá ti rán ọmọ lọ síbẹ̀, yóò dìde, yóò lọ jókòó sórí àga náà, yóò gbé ọmọ lé itan, àwọn méjèèjì yóò sì jọ máa ronú. Marlene rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àga náà kúrò.

Ìjà kejì kò ní ẹ̀rín nínú. Òfin ni pé bí àwọn ọmọ bá ń jáde sí ọgbà tàbí tí wọ́n ń wọlé, tíṣà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan orí wọn níkọ̀ọ̀kan, kó máa kà á sókè: one, two, three. Ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu. Nílé, kò lè jẹun. "Wọ́n ń kà wọ́n bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà," ó ní. "Lójú gbogbo ènìyàn. Sókè!"

Bàtà ni ó fi wá ojútùú sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, pẹpẹ kékeré kan wà tí àwọn ọmọ ń to bàtà snow wọn sí. Láàárọ̀, Màmá yóò ka bàtà. Bí wọ́n bá ti inú ọgbà wọlé, tí wọ́n bọ́ bàtà, yóò tún wọn kà. Bí bàtà bá ti pé, ọmọ pé nìyẹn. Tíṣà kejì, Dolores, sì máa ń ka orí bí òfin ti wí, nítorí náà Marlene kò bá a jà. Ó tilẹ̀ ní kí àwọn ọmọ máa bá Màmá ka bàtà láti fi kọ́ ìṣirò, wọ́n sì ń kà á ní Yorùbá, ení, èjì, ẹ̀ta, pẹ̀lú ohùn imú tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n bàtà ń dín kù. Lọ́sẹ̀ yìí, bàbá lágbájá ti pàdánù iṣẹ́, wọ́n á mú ọmọ wọn dúró sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìdílé kan á kó padà sí Ontario. Marlene dá tíṣà kan dúró, ó ku Dolores. Bí ọmọ kan bá lọ, Màmá yóò nu àyè bàtà rẹ̀ lórí pẹpẹ, kò sì ní í jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan mìíràn síbẹ̀. "Ó lè padà wá," ni yóò wí. N kò rí èyí tó padà.

Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, òtútù ń ta ni létí bí abẹ́rẹ́. Bàbá kan tí wọ́n ti dá dúró níbi iṣẹ́ wẹ́dà gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, Mason ni orúkọ ọmọ náà, nítorí pé ó fẹ́ lọ wá iṣẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wọn ni. Kò tíì ní ẹ̀gbọ́n. Bàtà kánfáásì ló wọ̀ wá, kò bọ́ ọ sórí pẹpẹ, òun náà ló sì wọ̀ jáde sínú ọgbà. Nígbà tí wọ́n ń wọlé, Dolores ń pààrọ̀ ṣòkòtò fún ọmọ kan tó tọ̀ sára, Màmá nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ka bàtà tó wà lórí pẹpẹ, ó pé. Ó ti ilẹ̀kùn.

Mason wà lẹ́yìn ohun ìṣeré tí wọ́n fi ń yọ̀ gẹrẹrẹ, ó ń fara pamọ́ nítorí ìtìjú. Marlene ló rí fìlà pupa rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Nígbà tí mo dé, ó ti jókòó lórí itan Màmá nínú ìborùn rẹ̀, Màmá di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú láàrin àtẹ́lẹwọ́, ó ń fẹ́ èémí gbígbóná sí i. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà kò farapa, ó tilẹ̀ ń jẹ bisikíìtì. Bàbá rẹ̀ dé. A rò pé yóò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó ní, "I was gonna get him boots when I got something." Iṣẹ́ tó lọ wá, kò rí i.

Marlene ròyìn ara rẹ̀ fún ìjọba, nítorí òfin ni. Wọ́n rán obìnrin kan wá. Obìnrin náà kò burú. Ó ní àlejò láti Nàìjíríà lè máa bá iṣẹ́ lọ, àdéhùn wọn lè dúró, bí ó bá ti lè máa ṣe bí àwọn yòókù. Òun yóò padà wá lọ́jọ́ kejì, kí àlejò ka àwọn ọmọ wọlé lójú òun. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Marlene wá sí basement wa. Ó jókòó lórí ìjókòó wa tó ti rì, ó sì ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ti ra ìwé nípa Abẹ́òkúta. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. It's just a headcount. Ẹ fọwọ́ kan orí wọn, ẹ kà á, ó parí. Ẹ ro ti ilé-ìwé yín, ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Rẹ̀mí," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ìwọ lò ń sọ èyí fún mi?"

Marlene ní kí Màmá kà á ní Yorùbá, obìnrin ìjọba kò ní kọ̀. Ó ní kó tilẹ̀ fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kà á.

Màmá mirí. "Ẹni tí mò ń bẹ̀rù gbọ́ gbogbo èdè."

Síbẹ̀ ó ní òun yóò gbìyànjú. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kejì. Ó wé gèlè bí ẹni ń lọ sí kóòtù. Àwọn ọmọ ti inú ọgbà wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pupa, ikun ń ṣàn nímú wọn, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin ìjọba dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Marlene lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ti pa ọwọ́ pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà. Màmá gbé ọwọ́ lé orí ọmọ àkọ́kọ́, Aisha, tó fẹ́ràn láti máa fa gèlè rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lórí ọmọ yẹn débi pé Aisha gbójú sókè wò ó.

"Aisha," ni Màmá wí.

"The number, please," ni obìnrin ìjọba wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Màmá gbé ọwọ́ kúrò. "I cannot do it, madam. I have done it before." Ó yí padà, ó lọ mú kóòtù rẹ̀. Marlene bú sẹ́kún.

Inú bí mi nínú bọ́ọ̀sì. Mo ní, "Màmá, ilé-ìwé yín ńkọ́? Nọ́ńbà lásán ni!" Ó ń wo yìnyín tó ti di ẹrẹ̀ lẹ́bàá títì.

"Mo ti ka ọmọ rí, Àbẹ̀kẹ́," ó ní. "Àwọn ìjọba rán ènìyàn wá sí àdúgbò wa láti kà wá. Mo to àwọn ọmọ síwájú ọkùnrin náà, mo kà wọ́n fún un tẹ̀ríntẹ̀rín." Mo dúró de ìyókù. Kò sọ ọ́ títí a fi dé Marlborough.

Bí àdéhùn náà ṣe kú nìyẹn. Àdùkẹ́, tíṣà tí Màmá fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ti sọ fún àwọn òbí pé òyìnbó ń bọ̀; nígbà tí òyìnbó kò wá mọ́, wọ́n kó ìyókù ọmọ wọn lọ. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló gba ọgbà ilé-ìwé náà. Daycare Marlene kò pẹ́ jù ú lọ. Kì í ṣe ìjọba ló tì í. Àwọn ọmọ ló tán. Marlene di ẹni tó ń gba owó ní ilé ìtajà oúnjẹ kan, bí a bá sì bọ́ sí ìlà rẹ̀, òun àti Màmá yóò di ọwọ́ ara wọn mú lórí báàgì ìrẹsì títí àwọn tó wà lẹ́yìn yóò fi máa kùn. Màmá kò padà sílé. Kò sí ohun tí yóò padà sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbìyànjú láti dá a láre, n kò rí i ṣe. Àwọn tí Dolores ń kà lọ, àwọn tí Màmá kọ̀ láti kà náà lọ. Kíkà kọ́ ló lé wọn, àìkà kò sì dá ẹnìkan dúró.

Nígbà tó yá, ọkàn Màmá rẹ̀ ẹ́, ìyẹn ọkàn tí dókítà ń yẹ̀ wò o, èyí tó kù ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́. Ní òwúrọ̀ kan ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì wọlé láti mọ̀ bóyá iyè rẹ̀ ṣì pé. Ó bi í ní orúkọ rẹ̀, Màmá sọ ọ́. Ó bi í ní ibi tó wà, ó ní Calgary, ìlú òtútù. Nọ́ọ̀sì ní, "And how many children do you have, Mama?"

Èmi àti bàbá mi wo ara wa, a ti ń retí ọpẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Màmá yọ ìka kan jáde lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Ení," ó ní. "Adéwùmí."

Ó yọ ìka kejì. "Èjì. Bọ́lánlé."

Kò yọ ìka kẹta. N kò gbọ́ orúkọ wọ̀nyẹn rí nínú ilé wa. Bàbá mi di irin ibùsùn mú. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun mọ̀ pé wọ́n bí ọmọ ṣáájú òun, tí wọ́n kú lọ́dún kan náà, ọdún tí àwọn aṣojú ìjọba wá ka ènìyàn ní àdúgbò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn fún òun rí.

"So, two children," ni nọ́ọ̀sì wí.

"One," ni bàbá mi wí. "She has one. Just me."

Nọ́ọ̀sì fi àánú wò ó, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé iyè Màmá kò pé mọ́. Mo rí i. N kò bá a jiyàn. Nígbà tó jáde, bàbá mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Màmá, èmi ńkọ́? Ẹ ò kà mí."

Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, bó ti gbé e lé Aisha lórí lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́sí.

"Ìwọ ṣì wà, Rẹ̀mí. N ò jẹ́ kà ọ́."